Táyà Lọ́rì Lẹ́yìnkùlé

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí lọ́rì ńlá kan fi ẹ̀yìn wọ àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ọgbà onílé, kò sí ẹni tó bínú sí i. Gbogbo ilé ló jáde wá wò ó, wọ́n ń sọ pé oúnjẹ ti dé fún Aláròyé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ nìkan ni àyà rẹ̀ já. Òun ló kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n ń yí bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́rì náà: táyà lọ́rì méjì, ríìmù méjì, ríìmù ọ̀hún sì jẹ́ irú èyí tó ń lo òrùka irin.

Kì í ṣe pé obìnrin náà ń ta ọṣẹ o. Iṣẹ́ táyà ni Aláròyé ọkọ rẹ̀ ń ṣe, òun ló sì máa ń po omi ọṣẹ, tó ń fi í pa etí táyà kí ó lè yọ̀ wọnú ríìmù láìjà. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń pò ó. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ará ilé gbà á lẹ́nu wọn, débi pé ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á wá kanlẹ̀kùn láàárọ̀, á ní òun fẹ́ ra ọṣẹ ìfọṣọ.

Ní ti ọkọ rẹ̀, ẹnu ọkùnrin náà kì í sinmi. Kí oníbàárà tó sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, Aláròyé á ti kí i, á ti béèrè ará ilé, á ti sọ̀rọ̀ oòrùn, á ti sọ ohun tó ṣe táyà, á sì ti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kò gbọ́ràn. Táyà kan ló bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tó gba etí rẹ̀ méjèèjì lọ, ó sì ti rí i pé bí òun ò bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa ráyè bi òun ní nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́ fún un. Bí oníbàárà bá ti dúró, ẹ̀yìn oníbàárà ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń gbà lọ, á máa fi ètè sọ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé e láìjẹ́ kí ohùn jáde, ọkọ rẹ̀ á sì máa wo ètè rẹ̀. Yàtọ̀ sí òun, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú wọn ló mọ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀. Ta ló fẹ́ gbé táyà fún adití?

Gbígbọ́ sì ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí ju bí ẹlòmíràn ṣe rò lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ táyà, etí táyà á máa sún díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan ríìmù, á wá dún: pó. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà á dún: pó. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì lè dúró sí ọ̀ọ́kán kó máa fẹ́ ẹ. Ẹni tí kò bá gbọ́, àfi kó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kó máa fojú wá a, táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ á dúró, á na ìka kan, á na ìkejì, Aláròyé á pa ẹ̀rọ. Bí ìka kejì ò bá jáde, wọ́n á tú gbogbo afẹ́fẹ́ sílẹ̀, wọ́n á tún ọṣẹ pa, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ti lọ́rì olórùka tún le ju ìyẹn lọ. Òrùka irin ló di táyà mú sára ríìmù, bí òrùka náà ò bá sì jókòó dáadáa tí afẹ́fẹ́ fi kún, á fò jáde, ohunkóhun tó bá sì bá lójú ọ̀nà, ó di ti ọlọ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onítáyà fi ń ti ẹsẹ̀ lọ́rì bọ inú àgò irin kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Aláròyé ní àgò irin tirẹ̀. Ó ní in tẹ́lẹ̀ ni ká wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yìí ni àwọn ará kánsù dé, wọ́n ní àtíbàbà àwọn onítáyà ń ba ẹwà títì jẹ́. Ẹ gbọ́ o: títì tí ewúrẹ́ lè dùbúlẹ̀ sínú ihò rẹ̀ ni wọ́n ní àtíbàbà ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Wọ́n wó ti Aláròyé, wọ́n wó ti Má-yọnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì, wọ́n kó àgò, wọ́n kó rọ́bà afẹ́fẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń dúró sókèèrè. Ẹ̀rọ nìkan ni Aláròyé rí gbé sá. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín balùwẹ̀ àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ àti ti alùpùpù. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Onílé sì ti ní ariwo ẹ̀rọ náà ti tó, pé bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ò fẹ́ rí táyà kankan lẹ́yìnkùlé òun mọ́. Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí à ń wí yìí.

Máníjà tó ni lọ́rì náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé fóònù mọ́ etí, ó kọ ẹ̀yìn sí Aláròyé tó ti ń kí i lákìítán.

"Aago méjì ni mo fẹ́ ẹ," ni Máníjà wí nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, tó kọjú sí i. "Òkúta wẹ́wẹ́ là ń kó, lọ́rì mẹ́rìnlá sì ni mo ní. Ẹni tó ń ṣe táyà wa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bó o bá ṣe méjì yìí tó dáa, màá fún ọ láyè nínú ọgbà wa, lábẹ́ òrùlé, nínú géètì. Kánsù kan ò lè débẹ̀."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ètè rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó dé orí "màá fún ọ láyè," ó dúró díẹ̀. Ì bá fò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n kò dín ọ̀rọ̀ kù fún ọkọ rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ tán, ó sì rí bí ojú ọkùnrin náà ṣe là, irú èyí tí kò tíì là láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ọ̀gá, àgò irin ńkọ́?" Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi ohùn gidi béèrè. "Ṣé ẹ ní àgò nínú ọgbà yín?"

Máníjà bojú wẹ̀yìn. "Ìyá, táyà ni mo gbé wá," ló wí. "Mi ò gbé adìẹ wá." Ó rẹ́rìn-ín, dírẹ́bà rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n fi táyà sílẹ̀, wọ́n lọ.

Orí ìdúró níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà tí wọ́n máa sè, ẹ̀wà tó kù nílé náà nìyẹn.

"Mi ò ní dúró tì yín lónìí," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí, ó la ẹnu dáadáa kí ọkọ rẹ̀ lè rí i. "Àgò ò sí. Mi ò ní na ìka kankan."

"Màá fi ṣéènì dè é."

"Ṣéènì wo? Èyí tí onílé fi so ajá?"

Aláròyé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kù sí yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, níbo la ti máa máa ṣiṣẹ́? Lórí ibùsùn? O gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn wí. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi."

"Mo sọ ọ́ torí pé ó wí i. Ẹ̀mí yín ni mò ń rò."

"Ẹ̀mí?" Ìyá àgbà gbé ojú sókè kúrò nínú àtẹ ẹ̀wà. "Ìyàwó, ọmọ mi rí ibi tó fẹ́ jókòó, o ní kò gbọdọ̀ jókòó. Ṣé ebi kì í pa ẹ̀mí ni? Ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ńkọ́, ìyẹn ò lẹ́mìí?"

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òrùka máa ń ṣe. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

"Ọbẹ̀ wo? Níbo lo ti rí ọbẹ̀ nínú ilé yìí?"

Nígbà tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ yíjú padà sí ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà ti di ojú. Bó ṣe máa ń parí ìjà nìyẹn láti ọdún mẹ́ta. Ẹlòmíràn á jáde nílé, ẹlòmíràn á gbé ọwọ́ sókè. Aláròyé á kàn di ojú rẹ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, torí pé ibi tí ojú rẹ̀ bá ti dì, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè wọlé mọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbá a léjìká títí ó fi lajú.

"Mò ń lọ sí kánsù," ló wí. "Màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa ní àgò náà lónìí nìkan. Kí n tó dé, ẹ má fọwọ́ kan òrùka yẹn. Ẹ jọ̀ọ́."

Aláròyé wo ètè rẹ̀ pẹ́. Ó mi orí pé òun ti gbọ́. "Aago méjì," ló sì wí.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé kánsù kí ó má baà na owó tó mú dání, torí kò mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ òun. Ọ́fíìsì náà ní bẹ́ǹṣì gígùn kan, àwọn tó jókòó síbẹ̀ sì rí bí ẹni tó ti ń jókòó láti oṣù tó kọjá. Kò tíì kan òun nígbà tó wo ojú fèrèsé, tó rí àgò wọn ní àgbàlá. Ó mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lára. Wọ́n ti fi í bo jẹnẹrétọ̀ kánsù mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi àgádágodo tì í.

Ó fò kọjá gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ló sọ fún akọ̀wé. "Àgò tiwa nìyẹn."

"Èwo? Èyí tó wà lórí jẹnẹrétọ̀?" Akọ̀wé náà ò tilẹ̀ wo fèrèsé. "Ti ìjọba ni. Wọ́n ti kọ ọ́ wọ̀wé."

"Ẹ yá mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti dá a padà. Ẹ gba owó yìí lọ́wọ́ mi, ẹ gba káàdì ìdánimọ̀ mi."

"Bí olè bá wá gbé jẹnẹrétọ̀ lọ kó o tó dé ńkọ́?"

Ó kúnlẹ̀. Kò wo ta ló ń wo òun. Ó ní ọkọ òun fẹ́ fẹ́ táyà lọ́rì lónìí, pé láìsí àgò, bí òrùka bá fò, á pa á. Akọ̀wé náà kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní kó dìde, ó tilẹ̀ fà á lọ́wọ́ sókè. Ó wá ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kó lọ san owó ìtanràn ní báńkì, kó gba ìwé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn onítáyà, kó mú méjèèjì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, tí ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i bá wá sí ibi iṣẹ́. Kánsù mọ ohun tí àgò irin wà fún. Ohun tó bá níye lórí ni wọ́n ń fi í dáàbò bò, jẹnẹrétọ̀ wọn sì níye lórí.

Aago ara ògiri ti kọjá kan ààbọ̀ nígbà tó jáde. Ó wọ alùpùpù padà, ó san owó tí kò fẹ́ san. Láti ìkóríta ló ti gbọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń ké lẹ́yìnkùlé ilé wọn.

Nígbà tó wọlé, ohun tó rí nìyí. Máníjà ti padà dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà rẹ̀. Àwọn ará ilé fara ti ògiri, wọ́n ń wòran. Ẹsẹ̀ lọ́rì kan dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ṣéènì ajá onílé wà lára rẹ̀ lóòótọ́, òrùka rẹ̀ kọjú sókè. Ìyá àgbà ló dúró síbi tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ máa ń dúró sí, ó na ìka kan, ojú rẹ̀ le koko bí ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ó ti gbọ́ nǹkan kan. Kí ló gbọ́? Ta ló kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó gbọ́? Aláròyé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà náà torí rọ́bà tó kù sí i lọ́wọ́ ò gùn, ó ń fojú wá òrùka. Ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣì gbé sókè, kò wọ ihò rẹ̀. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú òòlù.

Gbogbo onítáyà ló mọ̀ pé a kì í fi òòlù kan òrùka tí afẹ́fẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláròyé náà mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ́ ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n aago méjì ti ń lọ lù.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kígbe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé ló yíjú padà, àyàfi ẹni tó pè.

Ọpọ́n omi ọṣẹ wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e, ó jù ú lu ọkọ rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, ọpọ́n àti omi. Aláròyé fò dìde, ó ju òòlù nù, ó ń nu ojú tó ń ta á, ó ń bọ̀ wá bá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Kí ló ń ṣe obìnrin yìí?" ni Máníjà béèrè.

"Ẹ sún sẹ́yìn, gbogbo yín. Kò gbọ́ràn," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. "Ọ̀gá, adití ni ọkọ mi. Ẹ sún sẹ́yìn."

Ó pa ẹ̀rọ. Ó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi orí pamọ́ kúrò lójú òrùka, ó na ọwọ́ kan títí ó fi bá fáàfù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó sì ń tú u. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pẹ́ kó tó tán. Nígbà tó tán, táyà náà rọ̀, òrùka náà fara balẹ̀ sórí ríìmù, ó dúró jẹ́jẹ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí. Gbogbo ohun tí wọ́n fojú rí ni obìnrin tó da omi ọṣẹ sí ọkọ rẹ̀ lára lójú oníbàárà.

Máníjà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Adití ni mo gbé táyà mi fún láti àárọ̀?" Kò pariwo. "Ẹ gbé méjèèjì sókè. Má-yọnu wà ní ìsàlẹ̀ títì. Ìyàwó tiẹ̀ kì í da omi sí i lára."

Má-yọnu ni ọ̀rẹ́ Aláròyé tí wọ́n jọ wó àtíbàbà wọn. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Kò sí ohun tí oníbàárà bi í tí kì í fi "má yọnu" dáhùn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Iwájú fèrèsé yàrá tó ń sùn ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, òun náà ò sì ní àgò mọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ sáré tẹ̀lé lọ́rì náà dé ìta, ó ń di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú.

"Ẹ sọ fún Má-yọnu pé òrùka kan ti tẹ̀," ló ń wí fún dírẹ́bà. "Ẹ ní èmi ni mo ní kó má fẹ́ ẹ láìsí àgò."

Dírẹ́bà ní òun ti gbọ́. Lọ́rì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gùn. Aláròyé jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ ń gbẹ mọ́ ọn lára, ó di ojú. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kò là á. Ìyá àgbà gbé ẹ̀wà sórí iná, ó sè é jiná, ó ní òun ò jẹ. Ó ní kí ẹni tó lé àyè lọ máa jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ sì gba ilé. "Àṣé kì í ṣe ìgbéraga," ni obìnrin yàrá ẹ̀gbẹ́ kan ń wí nídìí omi. "Gbogbo bí mo ṣe ń kí i tí kò dáhùn, mo ti ń bá a ṣọ̀tá láti ọdún tó kọjá. Ọ̀tá ọ̀fẹ́." Òmíràn ní òun ti fura. Òmíràn ní obìnrin tó tú àṣírí ọkọ síta, kí ló kù tí kò lè ṣe.

Aránṣọ tó ń gbé ní yàrá iwájú nìkan ló wá bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ nídìí ààrò, ó gbé aṣọ tó fẹ́ lọ fi jíṣẹ́ dání. "Ikú tó fẹ́ pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́," ló wí.

Ìyá àgbà gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Fìlà ọ̀hún dà?" ló béèrè. "Ẹ fi hàn mí. Mi ò rí fìlà kankan nílẹ̀."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè. Bóyá òrùka náà ì bá wọlé. Ìgbà mìíràn máa ń wà tó máa ń wọlé. Bóyá òun ló ba ti gbogbo wọn jẹ́ nítorí ẹ̀rù, tí ọmọ òun á tún máa jí nílé ẹni ẹlẹ́ni. Ó sunkún díẹ̀ sídìí ààrò, ó fi èéfín ṣe àwáwí.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Aránṣọ padà dé. Aṣọ tó fẹ́ lọ fi jíṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Má-yọnu ti kú," ló wí. "Òrùka irin ni. Àyà ló ti bà á. Wọ́n ní kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú, ó mì í títí ó fi lajú. "Má-yọnu," ló wí. Kò rí ìyókù sọ, ṣùgbọ́n Aláròyé ti ka á lójú rẹ̀. Ó bo ẹnu.

"Àkọ́kọ́ ni àbí èkejì?" ló béèrè. "Táyà. Èwo nínú méjèèjì?"

Kò mọ̀. Aránṣọ náà ò mọ̀. Aláròyé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ga jù, bó ṣe máa ń ga bí kò bá rántí ṣọ́ ọ. Ó ní Má-yọnu ló kọ́kọ́ yá òun ní jáàkì. Ó ní Má-yọnu ò ní ẹni tó lè gbà á níyànjú, gbogbo ohun tí a bá sọ fún un ni "má yọnu." Ó sọ ọ́ títí, wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́.

Ìyá àgbà dìde. Ó lọ sídìí ààrò, ó bu ẹ̀wà sínú abọ́, ó yọ ṣíbí, ó gbé e síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wò ó títí ó fi mú ṣíbí.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò tíì jẹ tó ṣíbí mẹ́ta nígbà tí ẹnì kan wú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Dírẹ́bà Máníjà ni. Kò wọlé. Ó ti ṣí fìlà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Máníjà ló rán mi. Ó ní àyè tí òun sọ ṣì wà nílẹ̀. Táyà kejì ò tíì wọlé, lọ́la sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó òkúta náà lọ."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé abọ́ sílẹ̀. "Ṣé ọ̀gá yín gbàgbé pé adití ni?"

"Kò gbàgbé. Ó ní kó ṣáà wá."

"Àgò ńkọ́?"

Dírẹ́bà wolẹ̀. "Mo béèrè, mà. Ó ní àgò náà ń bọ̀ bó bá yá."

Aláròyé ti ń wo ẹnu dírẹ́bà, àmọ́ irun ẹnu ọkùnrin náà bo ètè rẹ̀, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kí ló wí?"

Kí obìnrin náà tó la ẹnu, Ìyá àgbà ti gbá a lọ́wọ́ mú. Ìyá tó ti ń sunkún àyè láti àárọ̀ ni o. "Sọ fún un pé ó wá kẹ́dùn ni," ló wí. "Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́. Ní ó wá kẹ́dùn ni."

Ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ro ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ro ọmọ rẹ̀, ó ro ìyàwó Má-yọnu tó wà nílẹ̀ báyìí ní ìsàlẹ̀ títì, tí àwọn èèyàn dì mú. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó la sílẹ̀ fún un gbayawu. Bí òun bá purọ́ fún ojú yìí lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún kù tí ọkùnrin yìí máa gbọ́ ayé láti ẹnu rẹ̀?

"Ó ní àyè náà ṣì wà," ni ètè rẹ̀ wí. "Ó ní táyà kan ṣì kù. Ó ní kí ẹ wá lọ́la. Mo béèrè àgò. Àgò ò sí."

Ìyá àgbà jáwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ètè obìnrin náà ti dákẹ́, Aláròyé ṣì ń wò ó, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kù níbẹ̀ tí kò tíì jáde. Ìyàwó rẹ̀ ń retí kó di ojú. Kò di ojú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé rẹ̀ kúrò, ó dìde dúró, ó kọjú sí dírẹ́bà.

"Aago mélòó?" ló bi í, ó sì yíjú padà sí ètè ìyàwó rẹ̀, ó ń retí ìdáhùn.